Owó Ìtọrẹ ní Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Irúgbìn?

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Albert Einstein College of Medicine péjọ sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Bronx, ní ìlú New York. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan, Ruth Gottesman, ẹni ọdún 93, dìde, ó sì sọ fún wọn pé láti oṣù Kẹjọ ọdún náà lọ, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ní san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ariwo ayọ̀ sọ, omijé sì bọ́ lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bílíọ̀nù 1 dọ́là ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí fi ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ. Inú ogún tí ọkọ rẹ̀, tí ó di olóògbé ní ọdún 2022, fi sílẹ̀ ni owó náà ti wá. Kò béèrè pé kí a fi orúkọ òun pe ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ìròyìn ọrẹ yìí kárí ayé láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníròyìn gbé jáde ni omijé ayọ̀ àti bí owó náà ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju iye owó lọ: nígbà tí àtẹ́wọ́ bá dákẹ́, ta ni ó gba owó náà pamọ́? Báwo ni yóò ṣe máa ná an? Ta ni yóò sì bi í léèrè bí ó bá ná an ní ìnákúnàá?

Ìbéèrè wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìtọrẹ kọ́ ni apá tí ó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ kan péré ni a fi ń tọrẹ. Ìran dé ìran ni a fi ń ṣọ́ ọrẹ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù, ni a ó ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ wa, nítorí pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ti ṣe àṣeyọrí àti àṣìṣe nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó padà sílé, kí a wo ohun tí ó bá tiwa mu àti èyí tí kò bá a mu ní Nàìjíríà.

Kí ni àjọ aláàánú ilé-ìwòsàn?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn tí ó so mọ́ yunifásítì ni ó ní àjọ aláàánú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àjọ yìí kì í tọ́jú aláìsàn, kì í sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ rẹ̀: láti tọrọ owó, láti pa á mọ́, láti fi í dókòwò, àti láti máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ohun tí olùtọrẹ tìtorí rẹ̀ fún wọn. Lójú òfin, àjọ náà àti ilé-ìwòsàn lè jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí pàtàkì ni èyí: bí ilé-ìwòsàn bá wọ gbèsè, kò yẹ kí ọwọ́ olówó ẹ̀yáwó tètè tó owó ọrẹ. Bí ó bá sì jẹ́ yunifásítì ìjọba ni, owó ọrẹ kò ní dà pọ̀ mọ́ owó tí ó wà lápò ìjọba.

Ìjọba kì í gba owó-orí lórí ọrẹ tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ rí gbà, ó sì máa ń dín owó-orí olùtọrẹ pàápàá kù. Nítorí náà, gbogbo aráàlú ni ó ní ìpín nínú ọrẹ náà, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀: owó-orí tí ìjọba kò gbà ni wọ́n fi ṣe ìrànwọ́. Ohun tí òfin béèrè padà ni ìjíhìn. Lọ́dọọdún ni ọ̀pọ̀ àjọ wọ̀nyí ń kọ ìròyìn sínú ìwé kan tí a ń pè ní Form 990, níbi tí wọ́n ti ń sọ iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, àti iye owó oṣù àwọn ọ̀gá wọn. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ka ìwé náà.

A gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ sí àárín irú àjọ yìí àti àjọ aláàánú tí ẹnìkan tàbí ìdílé kan dá sílẹ̀ láti inú owó tirẹ̀. Fún irú kejì yìí, òfin Amẹ́ríkà fi dandan lé e pé kí ó máa ná nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ohun-ìní rẹ̀ lọ́dọọdún fún iṣẹ́ àánú, kí ó má baà di ibi tí olówó kàn ń fi ọrọ̀ pamọ́ sí kúrò lójú agbowó-orí.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé

Orísun owó wọ̀nyí kò ju mẹ́rin pàtàkì lọ: ìwé ìhágún, ọrẹ ńlá láti ọwọ́ àwọn ọlọ́rọ̀, ọrẹ kéékèèké láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti aráàlú, àti ọrẹ àwọn aláìsàn tí ara wọn ti yá. Orísun ìkẹyìn yìí ni ó ń fa àríyànjiyàn jù.

Òfin HIPAA ti ọdún 1996 ni ó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn ní Amẹ́ríkà. Àtúnṣe sí ìlànà òfin náà ní ọdún 2013 gba ilé-ìwòsàn láàyè láti fún àjọ aláàánú tí ó so mọ́ ọn ní orúkọ aláìsàn, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tí ó gba ìtọ́jú, ẹ̀ka tí a ti tọ́jú rẹ̀, orúkọ dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀, àti ibi tí ìtọ́jú náà yọrí sí, kí àjọ náà lè kọ̀wé sí i láti tọrọ owó. Kò fún un láyè láti sọ àìsàn tí ó ṣe ẹni náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá ti mọ̀ pé ẹ̀ka ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni ènìyàn ti wá, kí ni ó kù tí a kò mọ̀? Òfin náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí a má ṣe kọ̀wé sí òun mọ́, ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ fi ìtọ́jú dù ú.

Àwọn tí ó fara mọ́ ìlànà yìí sọ pé ọpẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àti pé ẹni tí a bá wo sàn lè fẹ́ kí ẹlòmíràn náà rí ìwòsàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ àtinúwá yàtọ̀ sí ọpẹ́ tí a wá béèrè lẹ́bàá ibùsùn. Bí dókítà bá mọ̀ pé a ti yẹ ọrọ̀ aláìsàn òun wò láti mọ iye tí ó lè fi tọrẹ, ǹjẹ́ ojú kan náà ni yóò fi máa wo olówó àti tálákà? Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàárín oníṣègùn àti aláìsàn kò ṣe é fi owó rà padà bí ó bá bàjẹ́.

Owó irúgbìn àti ìṣirò rẹ̀

Oríṣi méjì ni owó tí ó bá wọ àpò àjọ aláàánú. Èkínní ni èyí tí a lè ná tán: a fi ra ẹ̀rọ, a fi kọ́ ilé. Èkejì ni èyí tí a kì í ná ojú owó rẹ̀ rárá. A ń fi í dókòwò, èrè rẹ̀ nìkan ni a sì ń ná. Owó irúgbìn ni a ó máa pe oríṣi kejì yìí nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé ìlànà àgbẹ̀ ni ó tẹ̀ lé. Àgbẹ̀ tí ó bá se irúgbìn rẹ̀ jẹ nígbà ìyàn, kò ní rí nǹkan kan gbìn nígbà tí òjò bá dé.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ni ó ń ná láàárín ìdá 4 sí ìdá 5 nínú 100 owó irúgbìn wọn lọ́dún. Wọn kì í ṣírò rẹ̀ lórí iye tí owó náà jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iye tí ó jẹ́ fún ọdún bíi mẹ́ta ni wọ́n ń pín dọ́gba, kí ọdún tí ọjà bá burú má baà da iṣẹ́ wọn rú. Bí owó náà bá pa ìdá 8 lọ́dún kan, tí wọ́n sì ná ìdá 5, ìdá 3 tí ó kù padà sínú irúgbìn, kí ó lè bá ọ̀wọ́n ọjà dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ọrẹ ti Bronx. Bí a bá ń ná ìdá 4.5 nínú 100 bílíọ̀nù 1 dọ́là, mílíọ̀nù 45 dọ́là ni a ó máa rí ná lọ́dọọdún. Owó ilé-ẹ̀kọ́ náà ti lé ní 59,000 dọ́là fún akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bá jẹ́ 700, àpapọ̀ owó wọn lé ní mílíọ̀nù 41. Nítorí náà, bílíọ̀nù kan kì í ṣe àṣerégèé. Iye tí ó gbà gan-an ni, bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí náà kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá ná ojú owó náà lọ́dọọdún láìfi í dókòwò, kò ní pé ọdún 25 kí ó tó tán.

Ẹ̀kọ́ láti Baltimore

Ìlànà irúgbìn yìí kì í ṣe ohun tuntun. Oníṣòwò Johns Hopkins ti ìlú Baltimore kú ní ọdún 1873. Mílíọ̀nù 7 dọ́là ni ó fi sílẹ̀ kí a pín sí méjì: ìdajì fún yunifásítì, ìdajì fún ilé-ìwòsàn. Ó pàṣẹ pé èrè orí owó ni kí wọ́n fi kọ́ ilé-ìwòsàn náà, kì í ṣe ojú owó. Àwọn alámòójútó pa àṣẹ náà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ilé-ìwòsàn náà kò fi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ títí di ọdún 1889, ọdún 16 lẹ́yìn ikú ẹni tí ó fi owó sílẹ̀. Wọ́n ní sùúrù, sùúrù náà sì so èso.

Ṣùgbọ́n apá ti yunifásítì kọsẹ̀. Ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo, Baltimore and Ohio, ni ó pọ̀ jù nínú ogún náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yìí kò pín èrè mọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1880, owó tán lọ́wọ́ yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n ti ṣèlérí kò sì lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lónìí, àwọn tí ń bójú tó owó irúgbìn kì í kó gbogbo rẹ̀ sójú kan: díẹ̀ sínú ìpín ìdókòwò, díẹ̀ sínú owó tí ìjọba yá, díẹ̀ sínú ilẹ̀ àti ilé.

Àwọn obìnrin ni ó yọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà nínú ìṣòro. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń kó owó jọ láti ìlú dé ìlú, àdéhùn wọn sì ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ náà gba obìnrin bí ó ṣe ń gba ọkùnrin. Mary Elizabeth Garrett, ọmọ ẹni tí ó ti ṣe olórí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin yẹn kan náà, ni ó fi owó tí ó lé ní 300,000 dọ́là pé iye tí àwọn alámòójútó béèrè, èyí tí í ṣe 500,000 dọ́là. Ní ọdún 1893, ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin 3 sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Nínú ìtàn yìí, a rí i pé àdéhùn olùtọrẹ lè ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn aláṣẹ kò fẹ́ ṣí. Ṣùgbọ́n a tún gbọ́dọ̀ rí apá kejì rẹ̀: ẹni tí ó lè fi owó ṣí ilẹ̀kùn lè fi owó tì í pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹni tí ń ṣọ́ irúgbìn bá jẹ irúgbìn

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, àjọ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Allegheny Health, Education and Research Foundation. Láti ìlú Pittsburgh ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ra ilé-ìwòsàn lórí ilé-ìwòsàn títí dé Philadelphia, ó sì so ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn méjì pọ̀ di ọ̀kan. Lójú gbogbo ènìyàn, ó ń dàgbà ni. Lábẹ́ aṣọ, gbèsè ni ó ń pọ̀ sí i. Ní oṣù Keje ọdún 1998, ó kéde nílé-ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Gbèsè náà tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Kò tíì sí àjọ aláàánú ìlera tí ó ṣubú tó bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà títí di ìgbà náà.

Nígbà tí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà tú ìwé wọn wò, ó rí ohun tí ó burú ju gbèsè lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là owó irúgbìn tí àwọn olùtọrẹ fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, bí ìwádìí àti ẹ̀kọ́, tí a ti yọ sínú àkáǹtì ìnáwó ojoojúmọ́. Àwọn tí ó fi owó náà sílẹ̀, òmíràn nínú wọn ti kú tipẹ́. Wọn kò lè dìde bèèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọ̀gá àgbà àjọ náà lọ sílé-ẹjọ́. Ní ọdún 2002, ó gbà láti má ṣe jiyàn ẹ̀sùn kan, ilé-ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kọjá ìwà ẹnìkan. Àjọ náà ní àwọn alámòójútó tí ó pọ̀, ó sì ní àwọn olùṣàyẹ̀wò owó. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò béèrè ìbéèrè ní àkókò tí ó yẹ. Ilé-ìwòsàn tí ebi owó ń pa kì í jí owó irúgbìn pẹ̀lú èrò àti jalè. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò dá a padà ní oṣù tí ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi gbọ́dọ̀ dúró láàárín àjọ náà àti irúgbìn. Òfin àwòkọ́ṣe kan tí a gbé jáde ní ọdún 2006, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ di tiwọn, là á sílẹ̀ pé àwọn tí ń bójú tó irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lo òye àti ìṣọ́ra, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ olùtọrẹ.

Orúkọ ara ògiri

Olùtọrẹ ńlá sábà máa ń fẹ́ kí a fi orúkọ òun sára ilé. Ní ọdún 2015, Priscilla Chan àti ọkọ rẹ̀, Mark Zuckerberg tí ó dá Facebook sílẹ̀, fún ilé-ìwòsàn gbogboogbò ìlú San Francisco ní mílíọ̀nù 75 dọ́là. Àwọn dókítà yunifásítì ìlú náà ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Zuckerberg ṣáájú orúkọ ilé-ìwòsàn náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ìlú pàápàá ti dìbò ní ọdún 2008 láti yá owó tí ó ju mílíọ̀nù 800 dọ́là lọ láti fi tún un kọ́. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà bu ẹnu àtẹ́ lu ìsọrúkọ yìí. Ìbéèrè wọn kò le: ta ni ó kọ́ ilé gan-an?

Ti Yunifásítì Tufts le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdílé Sackler ń fún ẹ̀ka ìṣègùn rẹ̀ lówó, orúkọ wọn sì wà lára ilé àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìdílé yìí, Purdue Pharma, ni ó ń ta OxyContin, oògùn apàrora tí ó di bárakú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Tufts yọ orúkọ náà kúrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tí ó ti ń pariwo pé ó nira fún wọn láti máa kọ́ ìtọ́jú bárakú nínú ilé tí orúkọ yẹn wà lára rẹ̀. Wọn kò dá owó náà padà, ṣùgbọ́n wọ́n ya owó irúgbìn kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìwádìí lórí bárakú oògùn. A lè jiyàn bóyá èyí tó. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé àjọ aláàánú gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí owó ti wá kí ó tó béèrè iye tí ó jẹ́.

Ta ni ń sanwó iná?

Àṣìrò kan wà tí ó wọ́pọ̀: pé bí ọrẹ bá pọ̀ tó, ìjọba lè fà sẹ́yìn. Ìṣẹ̀lẹ̀ àìpẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ ìjọba tí ń fi owó ran ìwádìí ìlera lọ́wọ́, National Institutes of Health, kéde pé lórí owó ìwádìí kọ̀ọ̀kan, òun kò ní san ju ìdá 15 nínú 100 mọ́ fún ohun tí kì í ṣe ìwádìí fúnra rẹ̀: iná, omi, ìmọ́tótó yàrá ìwádìí, àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ti ń gba ju ìlọ́po méjì èyí lọ. Wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ sì dá ìlànà náà dúró. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, òfin tuntun gbé owó-orí lórí èrè owó irúgbìn àwọn yunifásítì aládàáni tí ó lọ́rọ̀ jù lọ láti ìdá 1.4 lọ sí ìdá 8 nínú 100.

Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni èyí: olùtọrẹ fẹ́ràn láti kọ́ ilé, ó fẹ́ràn láti ra ẹ̀rọ, ó fẹ́ràn láti ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Agbára káká ni a fi ń rí ẹni tí yóò fi orúkọ rẹ̀ sára owó iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀, láìsí iná, ilé ńlá di òkú ilé, ẹ̀rọ olówó iyebíye sì di àpótí irin.

Ìpadàbọ̀ sílé

Ọ̀rọ̀ iná yìí ni ó mú wa padà sí Nàìjíríà. Òfin gbé Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì ti Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH, kalẹ̀ ní ọdún 1952, a sì ṣí i ní ọdún 1957. Òun ni ìyá fún ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn yunifásítì ní orílẹ̀-èdè yìí. Láti ìparí ọdún 2024 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó wà láìsí iná ilé-iṣẹ́ amúnáwá nítorí gbèsè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ó ń gbé níbẹ̀ kàwé nínú òkùnkùn, aláìsàn sì forí fá a.

Kì í ṣe pé kò sí olùtọrẹ láàárín wa. Olóògbé Ọ̀túnba Ṣúbọ̀mí Balógun, ẹni tí ó dá First City Monument Bank sílẹ̀, kọ́ ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì fi í ta Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé-ìwòsàn rẹ̀ lọ́rẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde náà ń ra ibùsùn, wọ́n ń tún yàrá ìtọ́jú ṣe. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ilé ni a sábà máa ń rí gbà, kì í ṣe irúgbìn tí yóò máa bọ́ ilé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kì í ṣe ìtọrẹ. Ní ọdún 2019, àjọ ìdókòwò ìjọba àpapọ̀, NSIA, fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là dá ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Èkó. Ó sì tún dá ibùdó ìṣàyẹ̀wò sílẹ̀ ní Ilé-Ìwòsàn Aminu Kano ní Kano. Ìdókòwò ni èyí: owó tí aláìsàn san ni a fi ń tọ́jú ẹ̀rọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í tètè kú. Àléébù rẹ̀ ni pé tálákà lè má lè wọlé. Ibi tí ó yẹ kí àjọ aláàánú dúró sí gan-an nìyẹn: kí èrè owó irúgbìn máa san owó ìtọ́jú fún ẹni tí kò ní.

Ṣùgbọ́n a kò lè kàn da ìlànà Amẹ́ríkà kọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé ọjà ti gbówó lórí ní ìdá 34.8 nínú 100 láàárín ọdún kan. Ká ní àjọ kan ní mílíọ̀nù 100 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, tí ó sì pa èrè ìdá 20 nínú 100. Mílíọ̀nù 120 ni yóò ní lọ́wọ́ ní ìparí ọdún. Ṣùgbọ́n ohun tí mílíọ̀nù 120 yẹn lè rà kò ju ohun tí mílíọ̀nù 89 lè rà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ. Kò tíì ná kọ́bọ̀ kan, irúgbìn ti jẹrà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò ṣọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wá ohun tí iye rẹ̀ kì í bá náírà wálẹ̀, bí ilẹ̀ àti ilé tí ń mówó wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọdún mìíràn wà tí kò yẹ kí òun ná ohunkóhun rárá.

Ní ti òfin, a kò ṣaláìní. Òfin CAMA ti ọdún 2020 sọ pé owó àjọ tí a forúkọ àwọn alámòójútó rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ di èrè tí wọ́n ń pín láàárín ara wọn, ó ní kí wọ́n máa fi ìròyìn owó wọn ránṣẹ́ sí Corporate Affairs Commission, ó sì fi ọ̀nà hàn tí ilé-ẹjọ́ lè gbà dá alámòójútó oníwà ìbàjẹ́ dúró. Àlàfo tí ó kù ni pé ìròyìn tí ó dé ọ́fíìsì ìjọba kì í sábà dé ọ̀dọ̀ aráàlú. Olùtọrẹ kì í rí i, akẹ́kọ̀ọ́jáde kì í rí i. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjọ tí a fi orúkọ àti àyẹyẹ nìkan gbé ró.

Àgbálọgbábọ̀

Láti Baltimore dé Bronx, láti Pittsburgh dé Ìbàdàn, ohun kan náà ni ìtàn wọ̀nyí ń sọ. Ọrẹ tí kò ní aṣọ́nà kì í pẹ́ kí ó tó di ohun ìtàn. Aṣọ́nà náà kì í ṣe ẹnìkan. Òfin ni, ìròyìn tí gbogbo ènìyàn lè kà ni, alámòójútó tí ó gbóyà láti béèrè ìbéèrè ni, àti sùúrù láti jẹ èso láìjẹ irúgbìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka àpilẹ̀kọ yìí lónìí ni akẹ́kọ̀ọ́jáde ọ̀la. Kò ní pẹ́ tí ẹgbẹ́ kan yóò fi kọ̀wé sí i pé kí ó dá owó fún ilé-ìwòsàn yunifásítì rẹ̀. Kí ó dá a bí ó bá ní i, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́rin: Ta ni ó ń pa owó náà mọ́? Ojú owó ni ẹ ó ná ni, tàbí èrè rẹ̀? Níbo ni mo ti lè ka ìròyìn ọdún tí ó kọjá? Bí ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ bá parí, ta ni yóò máa san owó iná rẹ̀? Àjọ tí ó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìbínú ni ó yẹ kí a fi irúgbìn lé lọ́wọ́.